Mọ́tò Ìyá Onírẹsì: Gíga Kì Í Ṣe Agbára

Bí ọjà bá ti tú nírọ̀lẹ́, ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ bọ́ǹpù èyíkéyìí, yálà ní Ìbàdàn tàbí l'Ékòó, ẹ ó rí ìran wò. Mọ́tò á máa bọ̀, imú rẹ̀ á ga sókè bí ẹni tó fẹ́ sín, ìdí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Bí táyà ẹ̀yìn bá ti gun bọ́ǹpù náà báyìí, gbàràgàdà! Sàlẹ́ńsà ti ha ilẹ̀. Àwọn èrò á pariwo, "Yéè! Dírẹ́bà, rọra o!" Dírẹ́bà á ní kí wọ́n má dá òun lẹ́bi, ẹrù ni kí wọ́n bá wí. Ẹni tó ni ẹrù, ìyẹn ìyálọ́jà tó jókòó síwájú, ò ní í wí nǹkan kan. Ó ti mọ̀ pé òun lọ̀rọ̀ ń bá wí.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé wọ́n á wa mọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n á ní kó bá àwọn gbé e sókè. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò lóǹkà. Àwọn kan á gé táyà àlòkù, wọ́n á fi há àárín sípíríǹgì. Àwọn kan á wá sípíríǹgì mọ́tò mìíràn tó nípọn, wọ́n á fi tipátipá kì í bọ ibi tí kì í ṣe ibi rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi igi há a! Òmíràn tó tún ń bá ẹrù Tòkunbọ̀ wọlé ni èyí tí wọ́n ń pè ní kọ́ìlófà, irin tó ní sípíríǹgì lára, tí wọ́n lè yí kí mọ́tò ga tàbí kó rẹlẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ló gbé tirẹ̀ wá sí ọgbà mẹkáníìkì láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan. Camry ni mọ́tò náà, ti ọdún 2006, irú èyí tí àwọn èèyàn sọ ní Big Daddy. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ń wà á. Ọmọ yìí náà ló lọ ra kọ́ìlófà mẹ́rin, ó kó wọn sínú àpò ìrẹsì, ó ní ẹni tó tà á fún òun sọ pé bí wọ́n bá ti fi èyí sí i, mọ́tò náà á ga, á sì le bí òkúta.

"Ẹ káàárọ̀ o, Ẹ̀ńjíníà," ni ìyá náà wí.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ kú ọjà o. Kí ló tún ṣe mọ́tò wa?"

"Kò ṣe nǹkan kan o. Ó kàn ń fi ìdí wọ́lẹ̀ ni. Ẹ bá mi fi nǹkan tí ọmọ yìí rà sí i, kí ẹ gbé e sókè dáadáa. Àpò mẹ́rin ni mo ń kó tẹ́lẹ̀. Bó bá ti ga, mo fẹ́ máa kó mẹ́fà."

Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín. "Màmá, a ò tíì gbé mọ́tò, ẹ ti ń gbé ẹrù lé e."

Ó tú àpò náà, ó to àwọn irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀ lórí páálí, ó sì pe àwọn ọmọ iṣẹ́ kí wọ́n wá wò ó. Ìyá náà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ti mọ̀ pé bí mẹkáníìkì bá ti to irin sílẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ ò ní í tètè tán.

Ohun méjì ló wà nídìí táyà tí àwọn èèyàn máa ń pè ní nǹkan kan náà: sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kù. Sípíríǹgì, irin tó lọ́ bí ejò yẹn, òun ló ń ru mọ́tò àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kù ní tirẹ̀ kì í ru ẹrù. Òróró ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú irin kan tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú òróró náà, tí òróró sì ń gba ojú ihò tóóró kọjá, bí ìgbà tí nọ́ọ̀sì bá ń ti omi oògùn jáde lẹ́nu abẹ́rẹ́. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó má jẹ́ kí sípíríǹgì máa fò sókè fò sílẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ọmọdé tó ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì onífóòmù ti mọ bí mọ́tò tí ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ kú ṣe ń rìn.

Nígbà kan, ọ̀tọ̀ ni sípíríǹgì máa ń dúró, ọ̀tọ̀ ni ṣọ́ọ̀kù. Ará Amẹ́ríkà kan, Earle MacPherson, ẹ̀ńjíníà ní ilé iṣẹ́ Ford, ni wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe òpó tó jẹ́ pé àárín sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kù ń gbé. Ford Vedette tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Faransé ní 1949 wà lára àwọn mọ́tò tó kọ́kọ́ fi òpó yẹn rìn, lẹ́yìn rẹ̀ ni Consul àti Zephyr ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, èyí tí àwọn àgbà ò lè gbàgbé, òpó bẹ́ẹ̀ náà ló wà ní iwájú rẹ̀. Camry ìyá yìí ní òpó náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Kọ́ìlófà ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí òpó yẹn. Ibi tó ti yàtọ̀ ni pé wọ́n gé tẹ́ẹ̀dì sí ara ṣọ́ọ̀kù rẹ̀ yí ká, bí ti ara bóòtù ńlá. Òrùka irin kan wà lórí tẹ́ẹ̀dì náà, òun ni ìdí sípíríǹgì jókòó lé. Bí wọ́n bá yí òrùka náà lọ sókè, sípíríǹgì á bá a lọ sókè, mọ́tò á sì ga. Bí wọ́n bá yí i wálẹ̀, mọ́tò á rẹlẹ̀. Òrùka kejì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n máa ń yí mọ́ ọn pinpin kí ti òkè má baà tú. Ẹ rántí àga onígbàjámọ̀ tí wọ́n ń yí sókè yí sílẹ̀ kí orí oníbàárà lè bá ọwọ́ wọn mu. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹni tó ta kọ́ìlófà fún ọmọ ìyá yìí ò sọ. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ra nǹkan yìí lókè òkun, kì í ṣe tìtorí kí mọ́tò wọn lè ga ni wọ́n ṣe ń rà á o. Kó lè rẹlẹ̀ ni! Mọ́tò eré ìje tó bá rẹlẹ̀ kì í tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan púpọ̀ bó bá ń gba kọ́nà. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé fáàrí lásán ni. Ní California l'Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ fáàrí náà pọ̀ débi pé òfin jáde ní 1958 pé ẹ̀yà ara mọ́tò kankan ò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju etí ìsàlẹ̀ rìǹmù rẹ̀ lọ. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ron Aguirre fi ẹ̀rọ tó ń fi òróró ti nǹkan sókè sídìí mọ́tò rẹ̀, bó bá wù ú, mọ́tò á rẹlẹ̀, bó bá rí ọlọ́pàá, á tún gbé e sókè. Ẹ gbọ́ fáàrí! Ẹni tí títì wọn dán bí awo ń wá bí mọ́tò òun á ṣe fi ikùn wọ́lẹ̀, ẹni tí kòtò ń gbé mì níbí ń wá bí tirẹ̀ á ṣe dúró lórí ìka ẹsẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mẹkáníìkì yìí fi ní kí ọmọ iṣẹ́ kan tú òpó ẹ̀yìn kan sílẹ̀ kúrò lára Camry náà, kó tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìlófà. Gbogbo wọn wò ó. Tuntun náà kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní nǹkan bí íǹṣì méjì! Ọ̀gá náà yí òrùka rẹ̀ lọ sókè títí, ó dúró níbi tí ó yẹ kó dúró sí. Ó fi tépù wọ̀n ọ́n. Ibi tí sípíríǹgì á jókòó sí ò ga ju ti èyí tí ilé iṣẹ́ fi sí mọ́tò náà lọ.

"Màmá, ẹ wá wò ó. Nǹkan tí wọ́n tà fún wọn pé á gbé mọ́tò sókè rèé. Bí a bá yí i dé góńgó rẹ̀, ibi tí mọ́tò yín wà lọ́jọ́ tí ó dé láti òkè òkun ló máa gbé e dé. Kò lè kọjá ibẹ̀."

Ìyá náà wo ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní ṣé kò ṣeé yí kọjá ibẹ̀ ni, ṣe bí tẹ́ẹ̀dì ṣì kù.

Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, ẹ fetí sí ibí yìí. Tẹ́ẹ̀dì tó kù lókè kì í ṣe ti yíyí. Ẹni tó bá yí òrùka kọjá ibi tí ẹni tó ṣe é ní kó dúró, ó ti fẹ́ kó jábọ́ nìyẹn. Irú kọ́ìlófà kan tún wà tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà ní tẹ́ẹ̀dì, wọ́n lè yí gbogbo ara ṣọ́ọ̀kù jáde nínú ẹsẹ̀ náà kó lè gùn sí i láì fọwọ́ kan sípíríǹgì. Èyí dára, torí kì í fún sípíríǹgì mọ́ra, ṣùgbọ́n òun náà ní ààlà. Bí tẹ́ẹ̀dì tó wà nínú ẹsẹ̀ bá kéré jù, ọjọ́ tí táyà bá ko kòtò gidi ni ẹsẹ̀ náà máa yọ. Táyà á ṣubú sí ọ̀tún, mọ́tò á lọ sí òsì. Kò sí ìyálọ́jà tó fẹ́ wà nínú mọ́tò náà lọ́jọ́ yẹn.

"Ó dáa," ni ìyá náà wí. "Bí kò bá ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ga ju ti ìsinsìnyí lọ. Àpò mẹ́fà mi ńkọ́?"

Ibí yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Àìmọye èèyàn ló gbà pé bí mọ́tò bá ti ga, ó ti lágbára nìyẹn. Ọ̀gá náà fa àpótí kan jáde, ó gun orí rẹ̀. "Màmá, mo ga báyìí àbí n kò ga?"

"Ẹ ga."

"Ọrùn mi ńkọ́? Ṣé ó ti le sí i? Bí ẹ bá gbé àpò ìrẹsì méjì lé mi lórí níbí, ṣé mo lè rù ú ju ìgbà tí mo wà nílẹ̀ lọ?"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ó kúkú ṣubú láti òkè ni, á sì burú ju ti ilẹ̀ lọ."

Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Yíyí òrùka sókè dà bíi gígun àpótí. Sípíríǹgì tó wà lórí òrùka náà kò pààrọ̀, bó ṣe le tó lánàá náà ló le tó lónìí. Bó ṣe le tó, ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Lára ọ̀pọ̀ kọ́ìlófà tó ti Japan wá, ẹ ó rí i tí wọ́n kọ 5K tàbí 8K tàbí òmíràn. Ìtumọ̀ 5K ni pé kílò márùn-ún ló máa tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní mìlímítà kan. Ẹ jẹ́ kí á fi ìrẹsì ṣírò rẹ̀. Àpò ìrẹsì kan jẹ́ kílò 50, mẹ́fà jẹ́ 300. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà nínú búùtù, tí sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì pín in, kílò 150 ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sípíríǹgì tó jẹ́ 5K á wálẹ̀ ní mìlímítà 30, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta. Èyí tó rọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ ní ìdajì á wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà. Kí wọ́n yí òrùka lẹ́ẹ̀mẹwàá, kí wọ́n yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mẹ́ta á máa jẹ́ mẹ́ta, mẹ́fà á máa jẹ́ mẹ́fà. Ibi tí mọ́tò ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ nìkan ni òrùka ń yí padà.

Ìyá tó ti ń ta ìrẹsì láti ìgbà pípẹ́ kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń kọ́ ní ìṣirò. Kíá ló mú un. "Ẹ dákẹ́ ná. Kí ni wọ́n kọ sára èyí tí ọmọ yìí rà?" Wọ́n nu eruku kúrò, wọ́n rí 5K. "Èyí tó wà lára mọ́tò tẹ́lẹ̀ ńkọ́?" Ọ̀gá ní ó rọ̀ ju èyí lọ, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. "Ṣé ẹ wá rí i? Èyí le ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ n kó mẹ́fà mi."

Àríyànjiyàn rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, ẹni bá sọ pé kò mọ́gbọ́n wá ń purọ́. Sípíríǹgì tó le máa gbé ìdí mọ́tò dúró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe sípíríǹgì nìkan ló ń ru ẹrù. Bẹ́ẹ̀ríǹgì ń rù ú. Táyà ń rù ú, táyà kọ̀ọ̀kan sì ní iye tó lè rù. Bíréèkì ò rù ú, ṣùgbọ́n òun ló máa dá a dúró bí tírélà bá já bọ́ síwájú. Sípíríǹgì tó le wá burú lọ́nà kan, torí kì í jẹ́ kí ojú rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ìdí mọ́tò ń wọ́lẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé ẹrù pọ̀. Bó bá ti dúró ṣánṣán tán, ta ni yóò sọ fún wọn pé táyà ń gbóná?

Ọ̀gá náà ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ìwé kékeré kan wà lára òpó ilẹ̀kùn níbẹ̀, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ mọ́tò láti Amẹ́ríkà, eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó. Ó fi àkísà nù ún. Irú ìwé yìí ló máa ń sọ iye kílò tí èèyàn àti ẹrù ò gbọdọ̀ kọjá lápapọ̀, ti irú mọ́tò yìí kì í sì í jìnnà sí 400. "Ẹ̀yin mélòó lẹ máa ń wà nínú mọ́tò, Màmá?"

"Èmi, ọmọ yìí, àti àwọn ọmọbìnrin méjì tó ń bá mi tajà."

Kí á fi kílò 70 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, èèyàn mẹ́rin jẹ́ 280. Àpò mẹ́fà jẹ́ 300. Àpapọ̀ 580! Kódà àpò mẹ́rin tó ń kó tẹ́lẹ̀ pàápàá, 200 àti 280, ó jẹ́ 480. Ó ti ń kọjá ààlà láti ọjọ́ yìí wá. Ìdí nìyẹn tí táyà ẹ̀yìn fi ń jẹ, ìdí nìyẹn tí sípíríǹgì àtijọ́ fi rẹ̀. Mọ́tò náà ò ṣàìsàn, wọ́n ń lò ó bíi lọ́rì ni.

Àwọn mìíràn á ní kí lọ̀rọ̀ pọ̀ sí tó báyìí, ṣebí kí wọ́n kàn gé táyà há a ni. Rọ́bà tí wọ́n há sáàárín sípíríǹgì ti pa apá ibẹ̀, kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́. Apá tó kù á máa ṣiṣẹ́ méjì, ibi tí rọ́bà ti ń ha á ni yóò sì ti dá. Ìkejì rẹ̀ ni ti àwọn tó fẹ́ kí mọ́tò rẹlẹ̀, tí wọ́n ń ní kí wẹ́dà fi iná yọ́ sípíríǹgì kó lè wálẹ̀. Ẹ bi alágbẹ̀dẹ léèrè. Irin tí wọ́n ti fi iná àti omi mú le, bí wọ́n bá tún fi iná nà án láìnídìí, ọkàn rẹ̀ ti kú. Ó lè dúró fún oṣù kan, ó lè dúró fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí wọ́n bá sì fi irin gé e kúrú, bí mọ́tò bá fò ní bọ́ǹpù, sípíríǹgì lè yẹ̀ kúrò níjòkòó rẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fi owó díẹ̀ ṣe ni, ẹ̀mí ni wọ́n ń fi san gbèsè rẹ̀.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ọ̀gá tó fọwọ́ kan àwọn irin náà, ó kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, torí Tòkunbọ̀ ni. Ó wo ẹnu ṣọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan bóyá òróró ń jò. Ó tẹ̀ wọ́n wọlé, ó jẹ́ kí wọ́n padà jáde. Èyí tó bá padà ní wàràwàrà láìní ìdádúró ti kú. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ tẹ́ẹ̀dì, ó da òróró sí i, ó yí òrùka sókè sílẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin kọ̀, ìpẹtà ti mú un. Ọmọ iṣẹ́ kan gbé òòlù. Ọ̀gá gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀! Òrùka yìí kì í le bíi bóòtù, bí wọ́n bá lù ú, tẹ́ẹ̀dì á já, gbogbo kọ́ìlófà á di ìdọ̀tí. Òróró ni wọ́n tún dà sí i, wọ́n fi sílẹ̀ títí di ìyálẹ̀ta, ó sì gbà.

Lẹ́yìn èyí ló kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ ní ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í ṣe: ó ní kí wọ́n wọn mọ́tò náà kí wọ́n tó tú u. Ilẹ̀ tó tẹ́jú ni wọ́n gbé e sí, búùtù ṣófo, afẹ́fẹ́ táyà pé. Wọ́n fi tépù wọ̀n láti àárín gbùngbùn táyà dé etí máàdígáàdì, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Kì í ṣe láti ilẹ̀ o, torí táyà tó rọ̀ lè tan èèyàn jẹ. Ẹ̀yìn ọ̀tún jẹ́ íǹṣì 13, ẹ̀yìn òsì dín díẹ̀. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sórí páálí.

Wọ́n fi jáàkì gbé e, wọ́n fi ẹsẹ̀ irin tì í nídìí, torí jáàkì nìkan kì í ṣe ohun tí èèyàn ń wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n yọ òpó àtijọ́, wọ́n fi tuntun sí i. Sípánà tí wọ́n fi ń yí òrùka yìí ní ẹnu bí ìkọ́, ó máa ń kọ́ ojú tí wọ́n gé sára òrùka. Ẹni tí kò bá ní i, kó yá a. Ẹni tó bá fi ṣíṣẹ̀lì àti òòlù yí òrùka, iṣẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kan ló ṣe yẹn, ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn rẹ̀ á ṣépè. Iye ìgbà tí wọ́n yí i ni wọ́n ń kà, bí ọ̀tún bá yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà, òsì náà gbọ́dọ̀ yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà.

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n mi ìdí rẹ̀, ọmọ ìyá náà wà á yípo ọgbà lẹ́ẹ̀mẹta kí sípíríǹgì lè jókòó. Wọ́n tún wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn ọ̀tún, 14 àbọ̀. Ẹ̀yìn òsì, 14 àti díẹ̀. Ta ló yí òsì? Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ní òun yí i lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Wọ́n kà á, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni. Ó ní ọwọ́ aago ló rò pé òun ń dún.

Ẹni tó bá ń wò ó lókèèrè á ní kí ló ṣe ìyàtọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé àga onígi sílẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju àwọn tó kù lọ, kí ẹ jókòó lé e. Ẹsẹ̀ tó gùn yẹn àti èyí tó wà ní kọ́rọ́ kejì sí i ló máa ru gbogbo ara yín, àwọn méjì yòókù á máa fò. Mọ́tò náà bẹ́ẹ̀. Bí ìgun kan bá ga jù, ẹrù á lọ síbẹ̀ àti sí ìgun òdìkejì tó dojú kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tẹ bíréèkì lójijì, ìgun tí kò ní ẹrù á yọ̀, mọ́tò á fẹ́ yí. Wọ́n tún òsì ṣe. Ó tún ṣe pàtàkì láti mọ̀ pé òpó Camry yìí súnmọ́ táyà, nítorí náà bí òrùka bá gbéra ní íǹṣì kan, mọ́tò á gbéra ní nǹkan bí íǹṣì kan. Nínú mọ́tò tí sípíríǹgì rẹ̀ jìnnà sínú, íǹṣì kan lára òrùka á ju íǹṣì kan lọ nídìí táyà. Ẹni tí kò bá wọ̀n ọ́n kò ní í mọ̀.

Wọ́n wá yẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Rọ́bà bíréèkì ò gbọdọ̀ nà tán bí táyà bá rọ̀ sísàlẹ̀. Rọ́bà tó bo kókó ṣáfùtì iwájú ò gbọdọ̀ ya, torí bí mọ́tò bá ga jù, ṣáfùtì á dà gẹ̀rẹ́, á máa dún kà-kà-kà bí wọ́n bá ń kọ́nà. Wọ́n yí iná iwájú padà. Tẹ́lẹ̀, nígbà tí ìdí wọ́lẹ̀, ojú ọ̀run ni iná yẹn máa ń tàn sí, ojú àwọn tó ń bọ̀ níwájú ló sì ń fọ́. Ọ̀gá tún kìlọ̀ fún ọmọ náà pé kó lọ ṣe àláìmẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, kó má ṣe fi í di ọ̀la, torí gíga mọ́tò ti yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, táyà á sì máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Owó àláìmẹ́ǹtì ò tó ìdajì owó táyà kan. Ó ní lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kó padà wá kí àwọn wo òrùka ìsàlẹ̀ bóyá ó tú.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ìyá náà dìde lórí bẹ́ǹṣì. Camry náà dúró gbọọrọ, bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó rìn yí i ká. Ó tẹjú mọ́ ìwé tó wà lára òpó ilẹ̀kùn.

"Ó dáa, Ẹ̀ńjíníà. Àpò mẹ́rin. Kí àwọn ọmọbìnrin máa wọ bọ́ọ̀sì."

"Ẹ ṣeun, Màmá."

"Ṣùgbọ́n àpò méjì tó kù yẹn, mo máa san owó ọkọ̀ rẹ̀ lọ́tọ̀." Ó kọ ojú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ, èló lo ní wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ fún nǹkan tó máa gbé mọ́tò sókè?"

Ọmọ náà tẹ̀ba, ó ní òun ń wá sípánà kan tó já bọ́.